Rọ́bọ́ọ̀tì ti wọ ibi iṣẹ́ wa ní Doncaster, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Doncaster:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rọ́bọ́ọ̀tì ló ń gbé ẹrù wá bá wa báyìí, wákàtí iṣẹ́ àwọn ará èéjẹ́ńsì, ìyẹn àwọn tí ilé iṣẹ́ agbanisíṣẹ́ ń rán wá, sì ti já wálẹ̀. Àwọn kan ní ká tètè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé wa. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Bàbá Tòsìn, Manchester:
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìwé kankan! Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ kò ní rí owó redundancy gbà, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí wọ́n dá dúró torí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí mọ́. Ẹni tó ti lo ọdún 2 ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i: owó ọ̀sẹ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan téèyàn fi ṣiṣẹ́ láti ọmọ ọdún 22, ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ tó bá ti pé 41. Òfin fi gbèdéke sí iye owó ọ̀sẹ̀ náà o. Tí gbogbo rẹ̀ ò bá ju £30,000 lọ, wọn kì í yọ owó orí níbẹ̀. Nótíìsì, ìyẹn àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún yín ṣáájú kí iṣẹ́ tó parí, tún yàtọ̀. Ti ẹni tó ti lo ọdún 6 kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ 6.

Tí wọ́n bá fẹ́ dá èèyàn 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró láàárín ọjọ́ 90, dandan ni kí wọ́n kọ́kọ́ bá aṣojú yín jíròrò. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ́ yín. Tí wọ́n bá fún yín níṣẹ́ mìíràn, ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ 4 dán an wò láìpàdánù owó yín. Ẹ pe Acas, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.

Àwọn ará èéjẹ́ńsì ló ń dùn mí jù. Ọ̀pọ̀ wọn kò sí lábẹ́ òfin redundancy yìí rárá.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù, Doncaster:
Ìṣòro yìí ti dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó ń gbé àpò ìrẹsì kílò 20 tẹ́lẹ̀ ti ń ra kílò 5, ẹni tó ń ra páálí ẹja ti ń ṣa á ní ẹyọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ní àwọn ń dín ìnáwó kù, àmọ́ owó oṣù òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń ra ọjà lọ́wọ́ wa! Ní 2023, Booths, àwọn tó ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ńlá ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí oníbàárà fi ń sanwó fúnra rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n dá èèyàn padà sídìí káńtà, torí àwọn oníbàárà ò fẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó ṣeé ṣe, ṣé ẹ rí i?

Ẹ má gba mọ́tò lórí gbèsè báyìí o. Tí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ kó jẹ́ kí ẹ kó tiyín ṣáájú.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun gan-an, Olúwa á bù kún yín. Ṣé ará èéjẹ́ńsì lè wọ yúníọ̀nù, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́?

Bàbá Tòsìn:
Ó lè wọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ sọ fún wọn lọ́la.