Ojúgun ríro ni, kì í ṣe ojúgun fífọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àkíyèsí èdè.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń jiyàn lé lórí láti ọjọ́ mélòó kan yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi mọ̀ ọ́n. Kí ni ká máa pe "shin splints", ìrora tó máa ń mú asáré ní ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun? Ẹnì kan ní ká pè é ní "ojúgun fífọ́", bí a ṣe ń sọ pé orí fífọ́. Ẹlòmíì tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bó ṣe wà, ó ní "igi ojúgun". Ẹnì kẹta fara mọ́ "àlòjù ojúgun".

Ti "igi ojúgun" kò le. Igi pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń to eegun ń dì mọ́ ẹsẹ̀ tó bá dá ni "splint". Kò sí igi nínú àìsàn yìí, a kì í sì í fi igi tọ́jú rẹ̀. Nínú ìwé àwọn dókítà gan-an, "medial tibial stress syndrome" ni wọ́n sábà ń kọ.

"Ojúgun fífọ́" ló ń bà mí lẹ́rù. Orí lè máa fọ́ èèyàn kí agbárí rẹ̀ wà digbí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ìyá kan pé eegun ojúgun ọmọ rẹ̀ fọ́, kí ẹ wo bó ṣe máa figbe ta. Èdè wa kì í fi ọ̀rọ̀ ìrora ṣe àdàlù: inú a máa run ni, orí a máa fọ́ ni, egbò a máa ta ni. Ti eegun àti oríkèé, ríro ni. Ẹ̀yìn ń ro mí, orúnkún ń ro mí. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì mọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kankan fún un. Mo kàn pe ìyá mi lórí fóònù pé, "Ẹ̀yin màmá, ojúgun ń ro mí." Wọ́n dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Ìrìn wo lo rìn jù?" Wọn ò tíì rí mi, wọ́n ti mọ ohun tó fà á.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Kìlómítà 15 ni mo ń sá lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ sá 10 km nínú eré ìje kan ní Èkó, mo bá sọ ọ́ di 35 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lórí títì ọlọ́dà, pẹ̀lú bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Iṣan ń fa awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo eegun léraléra, kò sì ráyè sinmi. Á ro mí bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, á rọlẹ̀ bí ara bá gbóná, á tún padà wá lálẹ́.

Ibi tí orúkọ ti kan ìwòsàn rèé. Obìnrin tó ń ṣe fisiotẹ́rápì (ìtọ́jú iṣan àti eegun) tí mo lọ bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní bí ìrora bá tàn kálẹ̀ tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ríro náà ni. Bí ó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ń dunni gan-an, tó sì ń dunni kódà téèyàn bá jókòó, ó lè jẹ́ pé eegun ti ní ìlà tín-ín-rín. Èyí ni mo fẹ́ ká pè ní "eegun sísán", bí ìkòkò ṣe ń sán kó tó fọ́. Ríro, sísán, dídá: mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí eegun rẹ̀ sán tó rò pé ríro lásán ni lè sá a títí á fi dá.

Tèmi, ríro ni. Mo fi eré sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mò ń gun kẹ̀kẹ́. Mo ń fi aṣọ ìnura wé yìnyín, mo ń gbé e lé ojúgun fún ìṣẹ́jú 15. Mo ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀, mo ń gbé gìgísẹ̀ sókè sódò kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun lè lágbára. Mo ra bàtà míì. Nígbà tí mo padà, mò ń rìn, mò ń sá, mò ń rìn. Mi ò sì fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un lọ́sẹ̀.

Ẹni tó mú "àlòjù" wá kò jìnnà sóòótọ́. Mo fara mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbo ẹbí àìsàn báyìí, ti ìgúnpá àti ti èjìká pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣe asáré lójúgun, "ojúgun ríro" ni kó máa jẹ́. Àwọn kan ní ó ti wọ́pọ̀ jù láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìṣègùn. Ẹ̀yìn ríro ńkọ́? Ta ló ń fi ìyẹn ṣe àṣìgbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Èkìtì àti Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé "ro" náà lẹ ń lò fún eegun nílé yín, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ míì?