Kí ló fà á tí àbúrò mi fi dákú?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ní Kubwa níbí, ní Abuja, àbúrò mi obìnrin tò sórí ìlà nínú oòrùn ọ̀sán nígbà tó ní òòyì ń kọ́ òun. Ètè rẹ̀ funfun, òógùn bò ó, ó sì ṣubú. Ó jí kí a tó ka ogún. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Èsì kìíní: Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ bá dín kù lójijì ni ènìyàn máa ń dákú, ìdúró pípẹ́ nínú ooru, pàápàá ooru oṣù kẹta sí ìkẹrin níbí, àti àìmu omi tó sì máa ń fà á. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má sì rọ omi sí i lẹ́nu kí ó tó jí dáadáa.

Ẹni tó béèrè: Omi gan-an ni a rọ sí i lẹ́nu! Ẹ ṣeun. Kò tíì jẹun láti àárọ̀.

Èsì kejì: Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹni tó dákú kò bá jí láàárín ìṣẹ́jú 1, tàbí tí àyà ń dùn ún, tàbí tó lóyún, ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, lójú ẹsẹ̀.