Ṣé Glover ti kúrò nínú iṣẹ́ ológun ojú omi kó tó ṣàkóso Èkó?

Ẹ jọ̀wọ́, mò ń kọ nǹkan ráńpẹ́ nípa John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà. Ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wà nínú ọkọ̀ Dayspring tó fọ́ lódò Ọya nítòsí Jẹ́bà ní 1857. Ó kúrò l'Ékòó ní 1872, ó sì di gómìnà Newfoundland (tó wà ní Kánádà òde òní) ní 1876. Mo wo ìwé ìtàn Èkó méjì, mo bi bàbá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìtàn àwọn ọmọ ogun Haúsá rẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún mi. Ó dùn o, àmọ́ kò kàn mí.

Nígbà tó ń ṣàkóso Èkó, ṣé orúkọ rẹ̀ ṣì wà láàárín àwọn ọ̀gá ológun ojú omi, àbí ó ti fẹ̀yìn tì? Ìwé ìjọba wo ni mo ti lè rí i?