Yíyẹ́ àwọn ọmọ sí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Àgùdà: kí la máa ṣe tí a kò fi ní máa pe orúkọ mẹ́ta kan náà?

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Àgùdà ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún: kíláàsì mẹ́fà, ọmọ 30 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ 12 ní táàmù kan. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ ká máa fi ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹ́ àwọn ọmọ sí nítorí ohun tí wọ́n kọ́ àti ohun tí wọ́n ṣe, kí ọjọ́ ẹ̀bùn ìparí ọdún sì dúró láyè tirẹ̀. Àkókò tí wọ́n fún wa kò ju ìṣẹ́jú 25 lọ.

Ibi tó ti há nìyí. Ọmọ mélòó ló yẹ ká pè lọ́sẹ̀, báwo la sì ṣe máa yàn wọ́n tí kò fi ní jẹ́ àwọn tó ń ṣe ipò kìíní nìkan? Kí la máa kọ sórí sátífíkéètì ju “O káre” lọ? Ṣé inú Mísà ìparí táàmù la ti lè pín ẹ̀bùn? Àti pé, ṣé ó tọ́ ká fún ọmọ lẹ́bùn nítorí pé ó ń gbàdúrà dáadáa? Lórí èyí tó kẹ́yìn yìí, ohùn àwa tíṣà kò tíì ṣọ̀kan rárá.

Àgbà Tíṣà

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò, torí àìṣírò ló ń ba ìpàdé yìí jẹ́ kí ohun mìíràn tó dé.

Nínú ọ̀sẹ̀ 12, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fara balẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ó ku 10. Tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan bá mú ọmọ mẹ́ta wá, ọmọ 18 nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti pe orúkọ ọmọ títí tó fi gba ìwé rẹ̀ tó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló máa ń gbà tí ẹni tó ń kà á kò bá fi ọ̀rọ̀ gígùn kún un. Ìṣẹ́jú 12 lápapọ̀. Ìṣẹ́jú 13 tó kù tó fún àdúrà, orin kan, àti kíláàsì kan tó máa fi iṣẹ́ tó kọ́ lọ́sẹ̀ náà hàn. Tí ẹ bá sọ pé kí wọ́n mú ọmọ márùn-ún-márùn-ún wá, 30 ni wọ́n, ìṣẹ́jú 20 ti lọ síbẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní á sì ti máa fa aṣọ ara wọn ya.

Ní ọdún kan, táàmù mẹ́ta, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ààyè 90. Ẹ fi 60 sílẹ̀ fún òfin pé kò sí ọmọ tí a kò ní pè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún. 30 tó kù, ẹ fi sílẹ̀ fún ibi tí iṣẹ́ bá ti yọ fúnra rẹ̀, ì báà ṣe ọmọ tí a pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé bí orúkọ ṣe tò nínú rẹ́jísítà o. Àwọn ọmọ gbọ́n, wọ́n á kà á, ọmọ tí ó mọ̀ pé “èmi ló kàn” kò ní gbà pé nǹkan kan lòun ṣe.

Ìwé kan ni kó máa rántí, kì í ṣe ọpọlọ tíṣà. Ẹ ya ìlà sí bébà kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yín: orúkọ gbogbo ọmọ lápá òsì, lẹ́yìn náà déètì, ohun tó ṣe, àti ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà (ojú ewé ìwé rẹ̀, ìdánwò ìsọdipúpọ̀, àkọsílẹ̀ ìwé kíkà). Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ wo àwọn tí ìlà wọn ṣófo. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ àwọn tó dákẹ́ tí wọn kì í sì í dá wàhálà sílẹ̀, àwọn tó wà láàárín gbùngbùn. Ọmọ tó mọ̀wé ń hàn, aláriwo ń hàn, ti àárín ni ojú máa ń fò. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó rí nǹkan gidi kọ. Tí ẹ kò bá rí i lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyìn tí kò ní ìdí, àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ máa ń mọ̀.

Ọjọ́rú ni kí orúkọ wọlé, kó má di alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó yan orúkọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹni tó rí lójú lọ́jọ́ náà ló máa kọ.

Alákòóso Ìwé Kíkà

Mo fara mọ́ Àgbà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti sátífíkéètì.

“Fún ìwà rere.” “Fún akitiyan.” Ọmọ kankan kò lè fi ìwé yìí ṣe nǹkan kan, kò sọ ohun tó máa tún ṣe lọ́la. Gbólóhùn kan tó, kó sọ ohun tí ọmọ ṣe, bó ṣe ṣe é, àti ibi tí ènìyàn ti lè rí i. Ẹ wo méjì yìí:

“Fún iṣẹ́ dáadáa nínú àròkọ.”

“Ó kọ àròkọ rẹ̀ lórí òjò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú ìkẹta, gbogbo gbólóhùn ló ní àmì ìdánudúró, ó sì ti pa ‘nígbà náà’ mẹ́sàn-án rẹ́.”

Èkejì yẹn, bàbá ọmọ lè kà á nílé kó sọ pé, “Gbé àròkọ náà wá kí n rí i.” Ẹ̀rí wà. Ẹ lẹ ìkíní àti ìkẹta mọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ní ìwọ̀n tí ojú ọmọ máa tó. Iṣẹ́ mímọ́ tónítóní nìkan tí ẹ bá gbé kọ́ ń sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn kan a máa kọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ ṣọ́ra fún “ọlọ́pọlọ pípé”. Claudia Mueller àti Carol Dweck gbé ìwádìí jáde ní 1998 lórí èyí. Wọ́n yin àwọn ọmọ kan pé wọ́n gbọ́n, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ kára, lẹ́yìn náà wọ́n fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ tó le. Àwọn tí wọ́n yìn fún ọgbọ́n ni ìfẹ́ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ kúrò lọ́kàn wọn, máàkì wọn sì lọ sílẹ̀ nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ò ju pé tí ọgbọ́n bá jẹ́ ìdí àṣeyọrí, àìgbọ́n ni ìdí ìjákulẹ̀, ọmọ kò sì fẹ́ dán iṣẹ́ tó le wò mọ́.

Ẹ má sì ṣèlérí ẹ̀bùn ṣáájú fún ohun tí ọmọ ti fẹ́ràn láti máa ṣe. Ní 1973, Lepper, Greene àti Nisbett wo àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé wọ́n á gba ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n bá yà á ni kò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́ nígbà tó yá. Àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìwé náà láìròtẹ́lẹ̀, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nítorí náà “ka ìwé mẹ́wàá kóo gba ìràwọ̀” jẹ́ ohun tí kò yẹ ní kíláàsì tó ti ń kàwé fúnra rẹ̀.

Ní ti ìwé náà fúnra rẹ̀: ìdajì A4, méjì lórí bébà kan, bébà líle 160 sí 200 giráàmù (ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan bébà náà, gsm). 80 giráàmù tí a fi ń tẹ ìdánwò máa ká kòrókòró lọ́wọ́ ọmọ kó tó délé. Íńkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olómi a máa ṣàn tí àtẹ́lẹwọ́ bá làágùn, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Orúkọ, inú rẹ́jísítà ni kí ẹ ti dà á kọ, kí ẹni tó máa pè é sì bi ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọmọ tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ pè níwájú ọmọ 180, ìyẹn nìkan ló máa mú lọ sílé.

Katekísì

Ẹ kú àpérò. Ti Mísà kò le. Ẹ̀bùn pípín kì í ṣe apá kan nínú Mísà. Tí ìkéde bá wà, lẹ́yìn àdúrà tó tẹ̀ lé gbígba Ara Olúwa ni ààyè rẹ̀, kó sì ṣe ṣókí. Ẹ jẹ́ kí Fadá súre ìkẹyìn, kí wọ́n kúrò níbi pẹpẹ, kí ẹ wá to tábìlì ẹ̀bùn sí gbọ̀ngàn. Ẹ má gbà kí wọ́n fi sí ibi ìwàásù torí pé “àwọn òbí ṣì wà níjòkòó”. Ohun tí a lè gbé wọ inú Mísà ni iṣẹ́ àwọn ọmọ: kíka ẹ̀kọ́ kìíní, àdúrà àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n fúnra wọn kọ, gbígbé búrẹ́dì àti wáìnì wá síwájú.

Lẹ́ǹtì tún ń dá ènìyàn láàmú. Láti Ọjọ́rú Eérú títí di alẹ́ ìṣọ́ Àjíǹde, Alelúyà kò sí ní Mísà, ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀ kì í sì í kọ ọ́ ní ìpàdé òwúrọ̀ náà. Ìdajì orin ìyìn tí àwọn ọmọ mọ̀ ló ní in. Ẹ yan orin mẹ́rin tí kò ní in ṣáájú, kó má di pé ẹ ń wá orin kiri lórí pèpéle.

Ní ti àdúrà: Jean-Baptiste de La Salle (1651 sí 1719), tí Póòpù Pius Kejìlá fi ṣe alábòójútó àwọn olùkọ́ ní 1950, to ẹ̀bùn sí oríṣi mẹ́ta nínú ìlànà tó kọ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀: ti ìfọkànsìn, ti àìpa-ilé-ẹ̀kọ́-jẹ, àti ti ìmọ̀. Ó ní kí ti ìfọkànsìn dára jù, kí ti àìpajẹ tẹ̀ lé e, ti ìmọ̀ ló fi sí ìsàlẹ̀. Ìtò yẹn wù mí, àmọ́ ti òde òní, èmi ò ní fi ẹ̀bùn sí ìfọkànsìn fúnra rẹ̀. Ta ló lè wọn àdúrà ọmọ ọdún mẹ́jọ? Kò pẹ́ tí ẹ ó fi ní àwọn ọmọ tó ń di ojú pinpin nígbà tí tíṣà bá ń kọjá. Ohun tó hàn síta ni kí ẹ yẹ́ sí: ẹni tó ń dúró to àga láìjẹ́ pé wọ́n rán an, ẹni tó lọ jókòó ti ọmọ tuntun. Kátíkísìmù yàtọ̀, ìbéèrè àti ìdáhùn ni, ẹ lè fún un ní máàkì. Gbígba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ má ṣe to orúkọ rẹ̀ mọ́ àṣeyọrí táàmù láé. Oore-ọ̀fẹ́ ni, a kì í jẹ ẹ́ bí ipò.

Tí ẹ bá fẹ́ ọjọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ tó bá a mu: Thomas Aquinas, 28 oṣù kìíní, alábòójútó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. John Bosco, àlùfáà tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́, 31 oṣù kìíní, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sábà máa ń bọ́ sí. Dominic Savio, 6 oṣù karùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ Bosco tó kú ní ọmọ ọdún 14. De La Salle jẹ́ 7 oṣù kẹrin, ṣùgbọ́n ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2026, Àjíǹde jẹ́ 5 oṣù kẹrin, ọjọ́ 7 wà nínú ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, àjọ̀dún rẹ̀ ò sì lè ráyè níbẹ̀. Ti Aquinas dára fún àwọn ọmọ tó dákẹ́: akọ màlúù tó yadi làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní kíláàsì.

Tíṣà Kíláàsì Kẹrin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Katekísì, Ọlọ́run á bù kún yín, ti Alelúyà yẹn ò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi. Ó ku méjì: ọmọ tó ń sá fún pèpéle ńkọ́, báwo sì ni ọjọ́ ẹ̀bùn ìparí ọdún kò ṣe ní dà rú?

Akọ̀wé Ilé Ẹ̀kọ́

Ọmọ tó ń tijú: ẹ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ fún un ní mẹ́ta kó yan ọ̀kan. Kó wá fúnra rẹ̀, kó mú ọ̀rẹ́ kan dání, tàbí kí tíṣà ka ti rẹ̀ ní kíláàsì. Ọmọ tí ariwo ń dẹ́rù bà, kí gbogbo wọn ju ọwọ́ sókè dípò àtẹ́wọ́.

Ọjọ́ ẹ̀bùn: ẹ ti ìwé máàkì pa ní ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú. Ẹni méjì ni kó ṣírò àpapọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n tó fi wéra. Tí ọmọ méjì bá dọ́gba, ipò kìíní làwọn méjèèjì, ẹni tó tẹ̀ lé wọn sì ni ìkẹta. Ibí yìí ni ìjà òbí ti ń wá. Ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀yìn àga ọmọ, sí ẹ̀bùn rẹ̀, àti sí ìwé ẹni tó ń pe orúkọ. Ohun tó máa ń dà á rú ni pé ọmọ nọ́ńbà 14 kò wá, ẹni tó wà nídìí tábìlì bá sún gbogbo ẹ̀bùn síwájú, láti 15 lọ gbogbo ọmọ gba ti ẹlòmíràn. Ẹ fi ti 14 sílẹ̀ síbẹ̀. Sátífíkéètì òfìfo márùn-ún àti báírò dúdú kí ó wà lábẹ́ tábìlì. Àlejò tó máa sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi pè é.

Fọ́tò: ìwé ìyọ̀ǹda òbí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí orúkọ àwọn tí òbí wọn kò fọwọ́ sí i wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Ẹ má kọ orúkọ kíkún sábẹ́ àwòrán ọmọ.

Àgbà Tíṣà

Akọ̀wé ti sọ ọ́. Nǹkan kékeré kan: àwọn kan á ní kí ẹ pa ipò kìíní, ìkejì, ìkẹta rẹ́ pátápátá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, tí a bá fi pa mọ́, irọ́ là ń pa fún wọn. Kó wà lọ́jọ́ ẹ̀bùn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́ Ẹtì kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ipò.

Alákòóso Ìwé Kíkà

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tíṣà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi aago ìṣẹ́jú àáyá dán ọmọ méjì wò lórí pèpéle yín. Tí àtẹ̀gùn bá wà níbẹ̀, 40 á di 55 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sílẹ̀, kí ọ̀gá sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn.