Èsì lórí “amẹ́dọ̀fórófẹ̀”: “fẹ̀” yẹn gan-an ni mi ò gbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé.

Fún àwọn tí kò bá wa níbẹ̀rẹ̀: lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kétu kọ̀wé pé àwọn ti rí orúkọ fún irú eré ìdárayá tó ń mú èèyàn mí lókèlókè, ìyẹn ìrìn kánmọ́kánmọ́, eré sísá, kẹ̀kẹ́ gígùn, ìlúwẹ̀ẹ́, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní aerobics. Wọ́n ní ká máa pè é ní “ìdárayá amẹ́dọ̀fórófẹ̀”. Kí ilẹ̀ tó mọ́, pàtẹ́wọ́ ti kún ilẹ̀. Àbúrò wa kan tilẹ̀ ti fi kọ ìwé pélébé tí wọ́n fẹ́ pín fáwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní kí n bá òun yẹ àmì ohùn rẹ̀ wò. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà há mi léyín bí òkúta inú ẹ̀wà.

Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. A-mú-ẹ̀dọ̀fóró-fẹ̀: “a-” wà níbi tó yẹ kó wà, ìpajẹ rẹ̀ tọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò fọ́. Bó bá ṣe ìdánwò gírámà ni, màá fún wọn ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni ìjà wà.

Kí ni à ń pè ní fẹ̀? Ọ̀nà ni í fẹ̀. Yàrá ni í fẹ̀. Ohun tó bá fẹ̀, àyè tó ń gbà lónìí ju tàná lọ. Tí a bá wá sọ fún ẹni àádọ́ta ọdún pé kó máa rìn kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè fẹ̀, a ti purọ́ fún un. Ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà kì í tóbi sí i nítorí eré sísá. Nígbà téèyàn bá wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni agbára rẹ̀ ń dé góńgó, ìgbà tó bá kọjá ibẹ̀, á máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èèyàn ìbáà sáré, kó má sáré. Ẹni tó bá wá ń fa sìgá, tirẹ̀ á yára rẹlẹ̀.

Ohun tí eré ń yí padà ni ọkàn, ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ẹsẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá bá jókòó jẹ́ẹ́, afẹ́fẹ́ bíi lítà 6 ló ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń sáré tagbáratagbára, ó lè ju lítà 100 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ńkọ́? Bíi lítà 5 lórí ìjókòó, bíi 20 lórí eré. Ọ̀kan ń ṣe ìlọ́po tó lé ní mẹ́rìndínlógún, èkejì ń ṣe ìlọ́po mẹ́rin. Ta ni yóò kọ́kọ́ ké pé ó ti tó nínú àwọn méjèèjì? Ọkàn mà ni. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Bí ọmọ bá sáré wọlé, wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró, “jókòó kí àyà ẹ rọlẹ̀” ni wọ́n ń sọ.

Arábìnrin wa tó wà ní London ní irọ́ ni mo ń pa, ó ní kí n lọ wo àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́. Mo gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Ẹni tó bá ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti kékeré, nígbà tí egungun àyà ṣì ń dàgbà, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sábà máa ń gba afẹ́fẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé nìyẹn. Àwọn àgbà là ń kọ̀wé sí.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Àbúrò bàbá mi obìnrin yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, igi ni wọ́n ń dá, nínú ahéré tí fèrèsé rẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́. Wọn ò mu sìgá rí. Nígbà tó yá, wọn ò lè rìn láti ilé dé mọ́ṣáláṣí láì dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi ni mo gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà gbé fọ́tò àyà wọn síbi iná, ó ní àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ti dẹ̀ bí rọ́bà ṣòkòtò tó ti gbó, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé ṣùgbọ́n kì í jáde tán. Ó wá fi ìka tọ́ ọ fún mi, ó ní, “Ẹ wò ó, ó ti fẹ̀ jù.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti Kétu, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀dọ̀fóró tó fẹ̀, àìsàn ni. Ẹ ti fi orúkọ àrùn sọ oògùn.

Wọ́n sì ní kí ìyá náà máa rìn o. Ìrìn náà kò tún ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe, dókítà kò sì tan wá pé yóò tún un ṣe. Ẹsẹ̀ ló kọ́ láti fi èémí kékeré ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń dúró lọ́nà mọ́ṣáláṣí, níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n á sì díbọ́n pé aṣọ ni wọ́n ń wò.

Ẹnìkan ní ká kàn yí àmì padà kó di “fẹ́”, kí ìjà parí. Ìjà ò parí. Lóòótọ́, fẹ́ súnmọ́ iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ju fẹ̀ lọ. Mo ti fẹnu sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èémí rí, irú èyí tí John Hutchinson fi wọn ohun tó lé ní 2,000 èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kọ̀wé lé lórí ní 1846. Nọ́ọ̀sì ń pariwo sí mi létí: “Bàbá, ẹ mí kanlẹ̀! Ó yá, ẹ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ná! Ó kù, ó kù, ó kù!” Títí ojú mi fi ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n fẹ́ ń béèrè àbọ̀. “Amẹ́dọ̀fórófẹ́”: ẹ̀dọ̀fóró fẹ́ kí ni? Ìyàwó?

Ti ẹni tó mú “eré-ìmí” wá, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìmí dára púpọ̀ lórí ìwé, ohùn ìsàlẹ̀ níwájú, òkè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ akọ-pátákó wa, kì í fàmì sí nǹkan kan. Ọjọ́ tó bá kọ ERE IMI gàdàgbà sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ta ni yóò gbé ọmọ rẹ̀ wọbẹ̀?

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé òyìnbó gan-an kò dárúkọ ẹ̀dọ̀fóró nínú tiwọn. Louis Pasteur ló sọ kòkòrò tíntìntín tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé ayé ní “aérobie”, ní 1863: afẹ́fẹ́ àti ìyè, ó tán. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní 1968, kí Kenneth Cooper, dókítà inú ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó ń fi eré ìṣẹ́jú 12 dán àwọn ọmọ ogun wò, tó mú ọ̀rọ̀ náà wá sídìí eré sísá. Àwa wo la wá lọ ki ọwọ́ bọ àyà, tí a fa fùkù jáde?

Àwọn àgbà ò sọ orúkọ báyìí. Ilé gogoro Báwà tó wà lórí Òkè Àrẹ̀ n’Ìbàdàn, àwọn ará ìlú gùn ún, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí wọn po, wọ́n ní Láyípo. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ohun tí ara ṣe nínú rẹ̀ ni wọ́n fi pè é.

Ohun tí ara ń ṣe nínú eré yìí ni pé ó ń mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fa “eré eléèémí” kalẹ̀. Oní + èémí, kò sí ẹni tí yóò bá mi jà lórí ìpajẹ yẹn. Òṣùwọ̀n rẹ̀ sì wà lẹ́nu: bí o bá ń rìn tí o ṣì lè dá “ẹ kú iṣẹ́ o” padà fún èrò ọ̀nà, àmọ́ tí o kò lè ki oríkì ilé yín já geere, o ti wà nínú ìwọ̀nba rẹ̀. Irú ìwọ̀nba yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Bó bá jẹ́ èyí tó le, 75 sí 150.

Pásítọ̀ inú wa ti kọ̀wé sí mi ní bòókẹ́lẹ́ pé eléèémí súnmọ́ Ẹlẹ́mìí jù, pé Ọlọ́run nìkan ni Ẹlẹ́mìí. Ẹ dákun, e kì í ṣe ẹ. Bí ẹsẹ̀ abẹ́ ẹ bá sọnù lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀bi akọ̀wé ni.

Àwọn tó ń jà lórí “fóró” inú ẹ̀dọ̀fóró, bóyá nítorí pé ó fúyẹ́ ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀ àbí nǹkan mìíràn, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú ìkòkò ìyá mi àgbà, a lè fi ìgbákọ ti fùkù mọ́lẹ̀ títí, á tún léfòó. Ẹni tó sì ní òun ti kọ́ni ní Yorùbá fún ogójì ọdún nítorí náà kí gbogbo wa dákẹ́, ọdún méjìlélógójì ni tèmi, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni dákẹ́.

Ìwé pélébé náà ṣì wà níwájú mi. Mo ti fi bírò pupa fa ìlà la “fẹ̀” láàrin, ibi márùn-ún. Ọjọ́rú ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá ní èyí tó dára ju eléèémí lọ, kó sọ ọ́ kí Ọjọ́rú tó dé.