Ṣé òkú firísà ṣe é sọ di ààrò prepreg? Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Oníbéèrè, Kàbbà
Ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀gbọ́n mi, okun o. Apá dúróònù tí a fi ń ya àwòrán oko kajú ni mo fẹ́ fi prepreg káábọ̀nù ṣe, aṣọ tí résìn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá kan gùn tó 1.1 m. Ìwé tó bá prepreg náà wá sọ pé fákúùmù lásán (fífa afẹ́fẹ́ kúrò lábẹ́ báàgì tí a fi bo iṣẹ́) ti tó, kò di dandan kí a ní autoclave, ìkòkò ooru tó ń fi agbára afẹ́fẹ́ tẹ iṣẹ́: 120°C fún wákàtí kan, kí ooru má sì gòkè ju 2°C lọ ní ìṣẹ́jú kan. Òkú firísà gígùn kan wà nílẹ̀ tí inú rẹ̀ gba mọ́ọ̀dù mi dáadáa. Èrò mi ni pé kí n fi ẹ́límẹ́ǹtì, irin oníná tó ń mú ooru jáde, sínú rẹ̀. Ṣé ó ṣe é lò? Ẹ́límẹ́ǹtì mélòó ni yóò tó? Iná ìjọba kì í dúró níbí, kí ni kí n ṣe bó bá lọ nígbà tí iṣẹ́ wà nínú ààrò?

Oníṣẹ́ páànù, Ìsánlú
Àbúrò, fi firísà sílẹ̀. Ike ni awọ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ike náà sì ti ń rọ̀ kí ooru tó dé 100°C. Ká tiẹ̀ ní alumíníọ̀mù ni inú tìrẹ, fóòmù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì lè fara da 120°C lójoojúmọ́. Yóò máa súnkì, yóò sì máa yọ èéfín tó ń ta ni lójú.

Àpótí tuntun ni kí o kàn. Inú rẹ̀: 1.4 m ní gígùn, 0.6 m ní ìbú, 0.6 m ní gíga. Ìyẹn á fún ọ ní àyè bíi 15 cm ní orí àti ìdí mọ́ọ̀dù kí afẹ́fẹ́ lè yí i ká. Páànù 0.7 mm ni inú, rockwool (òwú òkúta tí kì í jẹ́ kí ooru jáde) 100 mm ní àárín, páànù òrùlé ni ìta. Má ṣe jẹ́ kí irin inú àti irin ìta fara kanra yípo etí ẹnu ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni ooru máa ń gbà sá. Níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ pàdé, irin tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà ti tó. Rọ́bà sílíkónì ni kí o fi sí etí ilẹ̀kùn, kì í ṣe fóòmù tí a ń fi dí fèrèsé. Rífẹ́ẹ̀tì ni kí o fi mú páànù, má jẹ́ kí wẹ́dà jó o, torí èéfín funfun tó ń jáde lára síǹkì tó ń jó máa ń fa ibà.

Oníwáyà, Mọ̀pà
Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ́límẹ́ǹtì náà. Ògiri inú àpótí yẹn jẹ́ bíi 4 m². Pẹ̀lú rockwool 100 mm, bí inú bá wà ní 120°C tí ìta sì wà ní 30°C, ooru tó ń gba ògiri jáde kò ju 170 W lọ. Ẹ kà á sí ìlọ́po méjì nítorí etí ilẹ̀kùn àti ihò wáyà. Gbígbé páànù àti mọ́ọ̀dù gòkè gan-an ló ń jẹ iná: bí mọ́ọ̀dù bá jẹ́ alumíníọ̀mù 20 kg, 1.5°C ní ìṣẹ́jú kan máa gba bíi 1.1 kW. Àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 1.5 kW. Síbẹ̀, ẹ fi ẹ́límẹ́ǹtì méjì sí i, 1,500 W ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná tiwa kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ 230 V. Bó bá já sí 180 V, 3 kW yẹn á di bíi 1.8 kW, á sì tún gbé e.

13 A ni méjèèjì máa fà. Wáyà 4 mm² láti bíréékà 20 A ni kí ẹ lò. Èyí tó wọnú ooru gbọ́dọ̀ jẹ́ oní-sílíkónì, awọ PVC á yọ́. Ẹ de SSR 40 A (swíìsì oníná tí kọntirólà, ẹ̀rọ tó ń darí ooru, fi ń tan ẹ́límẹ́ǹtì tó sì fi ń pa á) mọ́ heatsink, irin tó ń tu ooru rẹ̀ dànù, ní ìta àpótí. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: bí SSR bá fẹ́ bàjẹ́, títàn ló sábà máa ń bàjẹ́ sí. Kọntirólà á ní kó pa iná, kò ní pa á. Torí náà, ẹ fi thermostat (swíìsì tó ń gé iná bí ooru bá pọ̀ jù) tó dá dúró sí i, kí ẹ yí i sí 140°C, kó máa gé contactor, swíìsì ńlá tí iná ẹ́límẹ́ǹtì ń gbà kọjá. Ẹ tún fi swíìsì tó ń mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sórí ọ̀nà kan náà: bí fáànù kò bá yí, ẹ́límẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ tàn. Ẹ so àpótí mọ́ ẹ́ẹ̀tì.

Kọntirólà tó ní ramp (gbígbé ooru gòkè díẹ̀díẹ̀) àti soak (dídá ooru dúró sójú kan fún ìgbà tí ẹ yàn) ni kí ẹ rà. REX-C100 tó kún ọjà kò ní i, tààrà ló máa ń gbé ooru lọ síbi tí ẹ yàn.

Ará Ẹ̀gbẹ̀
Kí ló dé tí ẹ ò lo gáàsì? Ààrò búrẹ́dì alámọ̀ náà sì wà káàkiri.

Oníresìn, Lọ́kọ́jà
Ẹ̀gbọ́n, kò ní bọ́ sí i. Gáàsì tó ń jó máa ń mú omi jáde, kò sì rọrùn láti dín in kù títí ooru á fi máa gòkè ní 1°C tàbí 2°C ní ìṣẹ́jú kan. Iná tó ń jó ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náílọ́ọ̀nù náà tún nìyẹn. Ní ti ààrò alámọ̀, amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù: tó bá ti gbóná, kì í tutù nígbà tí o bá fẹ́.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ sáré nìyí. Résìn máa ń kọ́kọ́ rọ̀ bí òróró. Ìgbà yẹn ló ń wọ inú fọ́nrán, tí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín aṣọ sì ń rọ́nà jáde. Lẹ́yìn náà ló ń dì. Bí ooru bá yá jù, á dì mọ́ afẹ́fẹ́ náà, ihò wẹ́wẹ́ á kún ojú iṣẹ́. Níbi tó bá sì nípọn, résìn fúnra rẹ̀ ń mú ooru jáde bó ṣe ń dì, inú iṣẹ́ lè gbóná ju ohun tí kọntirólà ń kà lọ.

Ẹ́límẹ́ǹtì kò gbọdọ̀ rí iṣẹ́ lójú. Fi páànù dí i, kí fáànù máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn páànù náà kọjá lórí ẹ́límẹ́ǹtì, kó jáde ní orí kan, kó sì padà wọlé ní orí kejì. Mọ́tò fáànù á wà ní ìta, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ni yóò wọlé. Kí o tó fi prepreg kankan sínú rẹ̀, gbé ààrò lófìfo sí 120°C, kí o fi thermocouple K (wáyà tó ń wọn ooru) sí igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti àárín. Bí ìyàtọ̀ bá ju 5°C lọ, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára páànù yẹn ni kí o tún ṣe, má ṣe fi ẹ́límẹ́ǹtì kún un.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, fi thermocouple kan sínú afẹ́fẹ́, ọ̀kan sábẹ́ mọ́ọ̀dù níbi tó nípọn jù, ọ̀kan sí etí iṣẹ́. Kọntirólà á tẹ̀lé ti afẹ́fẹ́. Àmọ́ wákàtí kan tí ìwé sọ kò bẹ̀rẹ̀ títí èyí tó tutù jù nínú wọn fi dé 120°C. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nìyí: a ń ka aago afẹ́fẹ́ nígbà tí mọ́ọ̀dù ṣì wà lẹ́yìn, iṣẹ́ á sì jáde láìtíì gbó.

Oníbéèrè, Kàbbà
Ẹ ṣeun gan-an ni, mo ti fi firísà sílẹ̀. Ṣé náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà ní ọjà lè ṣe báàgì? Ṣé kọ̀ǹpùrésọ̀ firísà náà lè ṣe pọ́ǹpù?

Oníresìn, Lọ́kọ́jà
Èyí tí à ń pè ní náílọ́ọ̀nù ní ọjà, polythene ni. Yóò yọ́ kó tó dé 120°C. Báàgì tòótọ́ ni kí o rà, pẹ̀lú téèpù tí wọ́n ṣe fún ooru. Lórí prepreg ni release film oníhò (ọ̀rá tí résìn kì í lẹ̀ mọ́) máa kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà breather (aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá), báàgì ló gbẹ̀yìn. Ṣẹ́ báàgì pọ̀ ní gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Báàgì tó bá nà gbọnrangandan lórí kọ̀rọ̀ kò ní tẹ aṣọ ibẹ̀, résìn nìkan ni yóò kún un. Páìpù tí pọ́ǹpù fi ń fa afẹ́fẹ́ nínú ààrò, kọ́pà tàbí sílíkónì ni.

Kọ̀ǹpùrésọ̀ firísà máa fà á, àmọ́ gáàsì inú rẹ̀ ló máa ń tù ú lára tó sì ń dá òróró rẹ̀ padà. Bó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí púpọ̀ láìsí gáàsì, á gbóná, á sì máa tu òróró jáde. Pọ́ǹpù 1/4 HP tí àwọn tó ń tún AC ṣe ń lò dára jù. Kí o tó tan ooru, ti fáàfù, kí o sì wo géèjì fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá ju 0.03 bar lọ tó fi wálẹ̀, wá ibi tó ń jò.

Oníwáyà, Mọ̀pà
Bí iná bá lọ, fákúùmù ni kí ẹ kọ́kọ́ dáàbò bò, kì í ṣe ooru. Ààrò yìí máa ń tutù ní nǹkan bíi 0.5°C ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìdajì wákàtí kò ní gbà ju 15°C lọ. Ìgbà tó bá tún dé 120°C ni kí ẹ máa ka aago náà lọ. Ṣùgbọ́n bí fákúùmù bá já nígbà tí résìn ṣì rọ̀, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Ẹ so pọ́ǹpù àti kọntirólà mọ́ ínfátà 1 kVA pẹ̀lú bátìrì 100 Ah, kí ẹ sì fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sáàárín pọ́ǹpù àti báàgì. Bí ẹ bá bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀, ẹ pa ẹ́límẹ́ǹtì kan. Jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA máa gbé ọ̀kan tó kù pẹ̀lú fáànù àti pọ́ǹpù.

Oníṣẹ́ páànù, Ìsánlú
Ẹ má gbàgbé ibi tí prepreg fúnra rẹ̀ máa sùn. -18°C ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́, nínú ọ̀rá tí a dì pa. Iye ọjọ́ tí ìwé ní ó lè lò níta, yàrá 20°C ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa tó ń dé 35°C, ọjọ́ náà kò ní tó ìdajì. Ẹ máa kọ wákàtí tó ń lò níta sílẹ̀, títí kan wákàtí tí iná lọ tí firísà sì yọ́. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá títí ìrì ara rẹ̀ fi gbẹ tán, torí omi tó bá wọ aṣọ á di ihò ní 120°C.

Oníresìn, Lọ́kọ́jà
Ó ku ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Láti 30°C dé 120°C, alumíníọ̀mù tó gùn tó 1 m máa ń fi bíi 2 mm gùn sí i, káábọ̀nù kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn rárá. Bí iṣẹ́ bá wà nínú kòtò mọ́ọ̀dù, mọ́ọ̀dù á fún un bó ṣe ń tutù. Jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kòtò náà dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n igun 2 sí 3, má ṣe tú fákúùmù kó tó wálẹ̀ sí 60°C, kí o sì yọ iṣẹ́ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ibi tí o ti máa gé e, kó jìnnà sí àpótí kọntirólà. Eruku káábọ̀nù ń gbé iná. Bó bá wọ inú SSR tàbí jẹnẹrétọ̀, á so wáyà tí kò yẹ kó so pọ̀. Fi omi gé e, kí o sì wọ ìbòmú N95 àti ìbọ̀wọ́ nitrile.