Ẹ gbà mí: ṣé kí n ta Mazda 5 mi nítorí ẹnu ayé?

Bàbá Fèyí: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mazda 5 ni mò ń wà, ti ọdún 2010, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí mo ti gbé e wọ àdúgbò ni wọn ò ti jẹ́ kí n sinmi. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n tà á kí n lọ ra Toyota Sienna. Mẹkáníìkì ìta wa ò tíì ṣí bónẹ́ẹ̀tì tó fi ní Mazda kì í pẹ́. Ẹnìkan tilẹ̀ bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì bóyá mo fẹ́ máa fi kó èrò ni! Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yìí dáa. Ẹ́ńjìnnì 2.3, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, kì í mu epo nímukúmu. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn méjèèjì, fífà ni, ọmọdé ò lè ṣí i lu ọkọ̀ ẹlòmíì. Ìyàwó mi náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Wáyà Mókọ́lá: Kí ló ṣe ọkọ̀ náà gan-an? Ẹ ò sọ.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ má tà á o. Wọ́n fúngun mọ́ ọkọ mi títí ó fi ta Peugeot 504 rẹ̀. Èyí tó fi rọ́pò rẹ̀, ilé mẹkáníìkì ló ń sùn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Sienna ni wọ́n fi ń kó èrò lọ Àbújá. Pátì rẹ̀ kún ìgboro. Bí jíà Mazda bá lọ, níbo lẹ ti máa rí i?

Bàbá Fèyí: Ararọ̀mí, ọjà pátì ní Gate, n'Ìbàdàn! Ẹ́ńjìnnì Mazda 6 náà ni. Ṣéènì táímìn ló sì ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì téèyàn gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀. Sienna 2004 sí 2006 ńkọ́? Ṣebí bẹ́líìtì ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Láti 2007 ló ti di ṣéènì. Ẹ má fi ti àtijọ́ bú u.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná. Bàbá Fèyí, kí ni ìyàwó yín sọ?

Bàbá Fèyí: Ó ní ìjókòó ò tó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì ni, mẹ́ta sì ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè gbé Táyé lẹ́sẹ̀ níwájú, Fèyí á gbé Kẹ́hìndé. Ọkọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ewu ọmọ! Ṣùgbọ́n háà! Ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀ níwájú, níbi tí àpò afẹ́fẹ́ ti ń bú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan? Kí Fèyí tóun náà jẹ́ ọmọdé tún gbé ìkejì? Ẹ̀yin méje, ìjókòó mẹ́fà. Ohun tí ìyàwó yín ń sọ nìyẹn, ẹ sì ń ka iye plọ́ọ̀gì fún wa.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Sienna gba méje, òmíràn gba mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Bàbá Fèyí: Epo tí V6 Sienna, ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́fà, máa mu ńkọ́? Ta ló máa bá mi rà á?

Wáyà Mókọ́lá: Kò tíì parí. Mazda 5 ti Yúróòpù, tó ń ti Bẹ́ljíọ̀mù wọlé, olójòkòó méje wà nínú wọn. Ìjókòó kékeré kan máa ń ṣí jáde láàárín ìlà kejì. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tàbí 2.0 ló wà fún oníbẹntiróò. Ẹ ṣọ́ra fún dísù, kẹ́ ẹ sì bèèrè jíà, nítorí ọ̀pọ̀ wọn, jíà ọlọ́wọ́ ni.

Bàbá Fèyí: Mo lè wa jíà ọlọ́wọ́. Ẹ ṣé gan-an. Bí mo bá rí i, màá ta èyí.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ mú ìyàwó yín dání. Kó kó àwọn ọmọ jókòó sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.